Mọ́mì Ítálì àti Sìpàgẹ́tì Tí Kò Jinná

Gbogbo ayé ló mọ owú tí ìyáálé ń jẹ ìyàwó. Wọ́n ti fi kọrin, wọ́n ti fi bú ara wọn lẹ́yìnkùlé. Owú tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí a jọ mu ọmú kan náà, ni mo jowú. Kò gba ọkọ mi. Kò ba orúkọ mi jẹ́. Ọmọ mi ni mo fọwọ́ ara mi gbé lé e lọ́wọ́, mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn: ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ilé wa kò jìnnà sí Ìtòkú, níbi tí ìyá mi ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, sìmẹ́ńtì ló máa ń kó láti Ewékorò. Òjò ọdún kan ló bá a lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ṣubú, kò sì délé mọ́. Àfúsátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgẹ̀tàgẹ̀ nígbà náà ni. Nígbà tí ọ̀nà Ítálì là fún mi, ọmọ náà ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà pọ̀, ẹni tó bá rìn ín ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Múínátù ní Adìgbẹ ni mo gbé Àfúsá lọ. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ọkọ Múínátù ń ṣe ní Èkó. Ìdájí ló ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, Ọlọ́run kò sì tíì fún wọn lọ́mọ. Ilé náà dákẹ́ jù. Bí mo ṣe gbé Àfúsá sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni Múínátù ti sọ ọ́ pọ̀n.

"Àǹtí mi, ẹ lọ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ebi ò ní pa á, ẹkún ò ní pa á."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un. Mo rí bí ọmọ náà ṣe gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, inú mi sì dùn pé kò sunkún. Àṣé ó yẹ kí n ti mọ̀.

*

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ní ìlú tí mo dé kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti kó súwẹ́tà dání. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àdúgbò wa, o ò lè gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni kọjá kí o má kí i. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru yìí. Ẹni tó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà á ní kí o wá jẹun, ìwọ náà á ní á gba ibi ire. Nínú ilé alájà tí mo gbé ní Ítálì, bàtà ara wọn ni àwọn tí a jọ ń gun àtẹ̀gùn kan ń wò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé obìnrin kan tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, mo kí i, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fọ ilé ìwẹ̀. Àwọn tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn, mi ò rí wọn rí. Irun orí wọn nìkan ni mo máa ń bá lẹ́nu ihò tí omi ń gbà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn mọ́. Sinyora Rosa ni wọ́n ń pè é, bí àwa ṣe ń sọ pé Ìyáàfin Rosa. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń wọṣọ fún un, èmi náà ni mo ń dáná.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo sè fún un, sìpàgẹ́tì ni. Mo ní ohun tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ wọn náà nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n sè. Mo sè é bí a ṣe ń sè é nílé. Mo jẹ́ kó rọ̀ dáadáa, mo da omi rẹ̀ nù, mo fi omi tútù ṣàn án kó má baà lẹ̀ pọ̀, mo wá dà á sínú ọbẹ̀ ata tí mo ti dín sílẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó wo àwo náà, ó wò mí.

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, Sinyora."

"Kí ló wá dé tó o se oúnjẹ aláìsàn?"

Ó ní kí n ti kẹ̀kẹ́ tí òun ń jókòó lé wọ ilé ìdáná, kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀, n óò lọ sọ́jà lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín. Sìpàgẹ́tì wà níbẹ̀, òróró ólífì wà, aáyù wà, ata gbígbẹ wà nínú ìgò kékeré, agolo tòmátò kan àti agolo ẹja kan náà wà. Ó ní ilé tí gbogbo ìwọ̀nyí bá wà, a kì í sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. Kí n da iyọ̀ sínú omi nígbà tó bá ń hó, kó pọ̀, kí n má ṣahun. Kí n rẹ́ aáyù wẹ́wẹ́ sínú òróró lórí iná tí kò le, kí n má jẹ́ kó pọ́n, torí aáyù tó bá jóná á korò mọ́ gbogbo oúnjẹ lára. Kí n wọ́n ata sí i, kí n da tòmátò lé e, kí n fọwọ́ tẹ ẹ́ fọ́. Ẹja ló kẹ́yìn. Kí n yọ sìpàgẹ́tì nígbà tó bá ṣì le díẹ̀ lábẹ́ eyín, kí n bu ife omi rẹ̀ kan pamọ́, kí n wá kó o sínú ọbẹ̀ lórí iná kó parí jíjinná níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé asẹ́ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi láti ṣàn án, ó figbe ta bí ẹni pé mo fẹ́ da ọmọ sódò.

"Sítáàṣì ara rẹ̀ yẹn ló máa mú ọbẹ̀ dání! O fẹ́ fọ̀ ọ́ nù?"

Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó le lẹ́nu mi, mo rò pé ó kù díẹ̀ kó jinná. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó yá, òun ni oúnjẹ tí mo máa ń sè nígbà tí ara mi bá wó jù, tí mi ò fẹ́ ronú. Ìkòkò kan, páànù kan, ó tán.

*

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni mo máa ń pe ilé. Níbẹ̀rẹ̀, Àfúsá á gba fóònù, á sunkún, á ní òun fẹ́ wá. Ẹkún náà ń gún mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n tèmi ni. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó ń ka súrà tó ti há sórí fún mi. Ó di ọjọ́ kan tí mo pè lórí fídíò, tí òun fúnra rẹ̀ gbé e. Ó yí orí padà, ó kígbe sí ẹ̀yìn ilé.

"Mọ́mì! Mọ́mì! Mọ́mì Ítálì ń pè!"

Mo dúró sí gbọ̀ngán Sinyora Rosa, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mọ́mì ni Múínátù. Èmi ni Mọ́mì Ítálì. Bí ẹni tó ní fìrísà Ítálì, tàbí bàtà Ítálì. Ohun tó dára, tó ti òkèèrè wá, tí wọn kì í lò lójoojúmọ́.

Múínátù jáde wá, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ wo orí tí mo dì fún ọmọ yín. Ṣé ẹ rí i? Yí ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n rí i."

Ṣùkú ni. Ó gún régé, kò sí irun kan tó yọrí. Mo ní ó dára. Mo ní o kú iṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri tí mo ti fọ̀ láàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jowú ohun gbogbo. Mo jowú àpótí tí ọmọ náà ń jókòó lé láàárín ẹsẹ̀ Múínátù nígbà tó bá ń dirun. Mo jowú olùkọ́ rẹ̀. Mo fi aṣọ ọdún ránṣẹ́, aláwọ̀ omi aró, tó wù mí gan-an. Nígbà tí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, Múínátù ti lọ rán irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú níwájú yídì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé kéwú rí fọ́tò náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i: "Ìyá àti ọmọ, Ọlọ́run á dá wọn sí." Kò mọ̀. Kò sì ṣẹ̀ mí. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ kúrò lórí fóònù mi, mo tún lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Múínátù nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo purọ́ pé kò wọlé dáadáa.

Ìyá mi náà kò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ti pè é, á ní, "Múínátù mà gbìyànjú lórí ọmọ yìí o. Ọlọ́run á fún un ní tirẹ̀."

"Àmín," ni mo máa ń dáhùn, mo sì máa ń ṣe é tọkàntọkàn. Àdúrà rere ni mo ṣe fún àbúrò mi. Ṣùgbọ́n èrò tó wà lẹ́yìn àmín mi ni pé bó bá ní tirẹ̀, á fi tèmi sílẹ̀.

Àwọn tó wà nílé rò pé ilé ló máa ń sọ ẹni tó bá lọ sókè òkun nù. Ilé kì í sọni nù. Ilé ń lọ tirẹ̀ ni. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń dirun, ọmọ ń yọ eyín, ẹnì kan sì ní láti wà níbẹ̀ tí eyín náà á bọ́ sí lọ́wọ́. Mo ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sá wá bá owó nígbà tí àrá bá sán.

*

Ìṣẹ́gun tèmi kò ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Àwọn ọmọ Sinyora Rosa wá mú un lọ sí ìlú wọn. Mo sunkún, ó sunkún, ó fún mi ní páànù dúdú kan tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Mo rí iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìwé mi pé. Mo gba ilé oníyàrá méjì, mo sì rí orúkọ bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ẹnu ọ̀nà, láàárín orúkọ àwọn ará Ítálì. Mo tẹ aago náà fúnra mi nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbà kí n mú ọmọ mi wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra láti Adìgbẹ lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, Múínátù kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó wà ní yàrá." Inú mi ń dùn jù láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo rí Àfúsá láàárín èrò. Ó ti ga. Ó ní ìrìn ọkọ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó sì dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì tó ń dán.

"Ẹ káàsán, mà."

Mà. Bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo fà á dìde, mo gbá a mọ́ra, ó sì dúró jẹ́ẹ́ ní àyà mi, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí kò fẹ́ rún.

Mo ti gbèrò oúnjẹ ńlá. Ìrẹsì, adìẹ, dòdò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfúrufú ti pẹ́, ọjọ́ ìsinmi ni ní ìlú náà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì. A wọlé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Sìpàgẹ́tì, òróró, aáyù, ata gbígbẹ, agolo tòmátò, agolo ẹja. Mo ní kò burú, ohun tí mo mọ̀ ọ́n sè jù lọ nìyí. Mo gbé páànù Sinyora Rosa kaná. Mo ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣe é, ohùn mi ròkè, mo dà bí àwọn tó ń polówó ọjà. Mo bu tirẹ̀ fún un, ó ní bísímílà, ó fi fọ́ọ̀kì yí i, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Mọ́mì Ítálì," ló rọra wí, "kò tíì jinná."

"Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí nìyẹn."

"Mọ́mì máa ń fọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń jẹ́ kó rọ̀, wọ́n á fi ẹja gbígbẹ sí i."

Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. "Èmi ni mọ́mì rẹ."

Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí àrífín kankan níbẹ̀. "Mo mọ̀, mà," ló wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ náà lọ, nítorí Múínátù ti kọ́ ọ pé a kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù síwájú àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé tí àbúrò mi kọ́ ọmọ mi ni mo jókòó tì, tí mo ń wò.

*

Lójoojúmọ́ tó bá ti ilé ìwé dé, á wọ yàrá lọ, á pe Adìgbẹ. N óò máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kì í bá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Èmi ń sọ fún un pé kó wọ ìbọ̀sẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Múínátù ń sọ fún un pé ewúrẹ́ aládùúgbò ti tún jẹ ewé wọn.

Mo ní kò burú, n óò se irú tirẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, mo ra ata rodo, mo ra ẹja gbígbẹ. Mo se sìpàgẹ́tì títí ó fi rọ̀, mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Sinyora Rosa ì bá dákú. Àfúsá jẹ ẹ́.

"Ó dùn, mà. Edé ni kò sí níbẹ̀."

Mo ra edé. Ó jẹ ẹ́. "Ó ti fẹ́ jọ ọ́," ló wí, bí ẹni ń pọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó gbìyànjú lé.

Nígbà tó ká mi lára, mo pe Múínátù fúnra mi. Mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo fẹ́ sọ, mo wá bi í léèrè bí ẹni ń ṣeré: "Kí lo máa ń fi sí sìpàgẹ́tì ọmọ yìí ná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Ohun tó bá wà nílé ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí kò bá sí nǹkan nílé ni mo máa ń sè é."

Mo dúpẹ́, mo pa fóònù. Mo ní ó ń fi pa mọ́ fún mi. Àbúrò mi tí kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi láti kékeré, mo jókòó sórí àga ilé ìdáná mi, mo ní ó ń fi àṣírí sìpàgẹ́tì pa mọ́. Ohun tí owú ń sọ èèyàn dà nìyẹn.

*

Mo padà sí sísè ti Sinyora Rosa, Àfúsá sì máa ń dúró tì mí níbi tí mo ti ń sè é. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì mi kò tètè dé. Mo mọ̀ pé Àfúsá ti délé, ebi á sì ti máa pa á. Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn aáyù pàdé mi. Mo sì gbọ́ ohùn Múínátù nínú ilé ìdáná mi.

Mo ní ó ti wá kọ́ ọ ní ti Adìgbẹ nínú ìkòkò mi. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò bọ́ bàtà, mi ò bọ́ kóòtù.

Àfúsá gbé fóònù ti ìgò ṣúgà. Páànù Sinyora Rosa wà lórí iná, tòmátò ń hó nínú rẹ̀. Lójú fóònù, mo rí ilé ìdáná Adìgbẹ. Múínátù náà ń dáná. Òróró ẹ̀pà ló lò, agolo sàdíìnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò sìpàgẹ́tì lọ síbi omi.

"Rárá, Mọ́mì! Ẹ má fọ̀ ọ́!"

"Kí n má fọ̀ ọ́ kẹ̀? Ṣé kò ní lẹ̀ pọ̀ ni?"

"Sítáàṣì yẹn ló máa mú ọbẹ̀ dání. Mọ́mì mi kì í fọ̀ ọ́."

Múínátù dúró, ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ́mì wo?"

"Mọ́mì mi," Àfúsá wí, kò gbójú sókè, ọbẹ̀ ló ń rò. "Àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Ẹ bu omi rẹ̀ díẹ̀ pamọ́, ẹ wá kó o sínú ọbẹ̀. Tó bá le díẹ̀ lẹ́nu yín, ó ti jinná nìyẹn."

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti wà ní gbọ̀ngán Sinyora Rosa. Ó dé, mo sì gbọ́ ọ, ara mi sì gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kó tún un sọ. Mo fẹ́ kí gbogbo Adìgbẹ gbọ́.

Ìgbà náà ni mo wo ojú fóònù dáadáa. Múínátù ti gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó tún nu ún.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Èéfín ni."

Gáàsì ni Múínátù fi ń dáná. Èmi gan-an ni mo ra sílíńdà náà fún un. Gáàsì kì í rú èéfín.

Mo wọlé. Àfúsá fò sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà! Mo ti se oúnjẹ." Mo fọwọ́ kàn án lórí. Mo mú fóònù, mo gbé e lọ sí yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn.

"Múínátù."

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò." Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Mo ń gbọ́ bí ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ bá ti pè, mi ò lè jẹun títí ẹ ó fi pa fóònù. Mo máa ń rò pé ọjọ́ náà lẹ máa ní kó máa bọ̀. N óò sá wá dirun fún un, n óò ní kó yí ẹ̀yìn sí yín, kí ẹ lè rí i pé ó ń gbádùn, kí ẹ má tíì mú un lọ. Mo ń jowú yín. Ọmọ yín ni, mo sì ń jowú yín."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù tó tutù lára mi. Ṣùkú tó gún régé yẹn! Mo ti rò pé ó fi ń ṣe fáàrí sí mi ni. Àṣé ẹ̀bẹ̀ ni.

"Èmi náà ń jowú rẹ," mo wí. Ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. "Mo ti ń jowú rẹ tipẹ́. Mo jowú àpótí tí ẹ fi ń dirun pàápàá."

"Àpótí kẹ̀?"

"Àpótí."

Ó wò mí. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún, èmi náà rẹ́rìn-ín, a ń rẹ́rìn-ín, a ń nu imú, bí ìgbà tí ìyá wa bá lù wá pọ̀ tán tó sì ní ká jọ jókòó sójú kan.

Mo sọ fún un pé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ńlá, Adìgbẹ ni Àfúsá á ti lò ó. Mi ò tíì rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ ni mo ti rò ó. Bí mo sì ṣe sọ ọ́ tán ni nǹkan kan ti ń bu mí jẹ nínú, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ Múínátù ni ọmọ náà á máa sùn sí. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé owú náà kú lọ́jọ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti jọ mọ orúkọ rẹ̀, èmi àti ẹni tí mo ń jowú.

"Ṣé ẹ ní kò ní lẹ̀ pọ̀ tí mi ò bá fọ̀ ọ́?" ni Múínátù bi mí, ó ti dìde lọ wo ìkòkò rẹ̀.

"Kò ní lẹ̀ pọ̀. Da omi tó o bù pamọ́ yẹn lé e."

Ìgbà náà ni Àfúsá kígbe láti ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ la ilẹ̀kùn kọjá, ó la ojú fóònù kọjá, ó dé Adìgbẹ.

"Mọ́mì, ẹ wá jẹun o, ó ti ń tutù!"

"Mo ń bọ̀!" ni mo dáhùn.

"Mo ń bọ̀!" ni Múínátù dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

A wo ara wa. Kò sí èyí tó bèèrè ta ni ọmọ náà pè. Mo bọ́ kóòtù, mo gbé àbúrò mi lọ́wọ́ lọ sídìí tábìlì, mo gbé e ti ìgò ṣúgà, a sì ní bísímílà.